Iṣẹ́ Àrà Inú Sàlẹ́ńsà

Gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Ìbíní bọ̀, tó gba Ìfọ́n wọ Ọ̀wọ̀, ló ń tú epo tí kò jóná tán sínú èéfín. Catalyst inú sàlẹ́ńsà ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Amọ̀ sísun tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin ni. Wọ́n fi alumina, cerium oxide àti platinum díẹ̀ kùn ún nínú. Cerium oxide yìí ló wù mí jù: á tọ́jú ọ́síjìn pamọ́ nígbà tó bá pọ̀, á yọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wọ́n. Tí catalyst náà bá ti gbóná dáadáa, ọ̀pọ̀ oró inú èéfín á di omi àti carbon dioxide. Eugene Houdry, ọmọ Faransé, ló ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ tà.