Ètè Ògiri

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti mọ̀ pé ògiri lè ní ètè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, kò jìnnà sí etí ọ̀sà, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó rẹ́ ilé náà mú sìmẹ́ńtì yọ síta ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí òṣùmàrè. Mo ṣebí ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àfi bí òjò ṣe dé, tí mo sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì. Omi ń ṣàn bọ̀ lára ògiri, ó dé orí ètè yẹn, ó já bọ́ síwájú. Igi fèrèsé kò rin.

Iṣẹ́ Àgùdà nìyẹn, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé. Èyí tó lókìkí jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní òpópónà Kakawa l'Ékòó, Water House ni wọ́n ń pè é. João Esan da Rocha ló kọ́ ọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil ní kékeré, tó sì padà wálé. Kànga ọgbà rẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ Ìjú tó dé. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín: ilé tó ń ta omi, tí bíríkìlà tún ń fọgbọ́n lé omi kúrò lára rẹ̀.

Owó Candido, ọmọ da Rocha, lará Èkó fi ń ṣe àpèjúwe. Ọwọ́ tó po yanrìn ló jẹ èmi lógún. João Baptista da Costa, Àgùdà kan, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje 1894, Sanusi Aka sì ni igbákejì rẹ̀. Lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Èkó ti gba ọgbọ́n Bàhíà, tí ọgbọ́n náà fi gba ọ̀sà dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Sìmẹ́ńtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá rọ̀ jù, ewé òdòdó tí wọ́n ń fi í ṣe á já. Tó bá gan, irin ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Lórí òpó méjèèjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ẹ̀pẹ́ yẹn, òdòdó apá ọ̀tún ní ewé mẹ́jọ, tòsì ní méje. Ó dà bíi pé àyè ló tán, ni bíríkìlà náà bá na méje ọ̀hún gbọọrọ kí ojú má baà fura. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Màmá kan tó ń ta ẹja bi mí bóyá mo fẹ́ ra ilé ni.

Fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n ti yí padà sí onígíláàsì. Ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà wọ́n gé ètè òkè rẹ̀ kúrò. Abẹ́ fèrèsé yẹn nìkan ni ògiri ti dúdú, láti òkè dé ìpìlẹ̀.