Àwòrán Ìrántí àti Àwòrán Ẹ̀rí: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀sùn Tí A Fi Kan Kámẹ́rà Òde Òní

Ẹ̀sùn kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ayàwòrán, tí àwọn lámèyítọ́ pàápàá sì ti ń tún sọ láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wọ́n ní láti ìgbà tí kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà ti dé, tí ẹnikẹ́ni sì lè jókòó sílé kí ó máa fi Photoshop tún àwòrán ṣe bí ó ti wù ú, iṣẹ́ fọ́tò tòótọ́ ti kú. Ohun tí ó fara pamọ́ sínú ẹ̀sùn náà ni ìgbàgbọ́ pé ìgbà kan ti wà rí tí fọ́tò máa ń mú ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà gẹ́lẹ́, tí kò fi kún un, tí kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Èrò tiwa nínú bébà yìí ni pé irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kò sí rí nínú ìtàn fọ́tò yíyà láàrin Yorùbá. Síbẹ̀, a kò sọ pé kò sí ewu. Ewu wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí àwọn tí ń fẹ̀sùn kàn án ń wò ni ó ti ń bọ̀. Fọ́tò méjì ni a ó fi gbé ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀: ọ̀kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, èkejì láti Abúlé Ẹ̀gbá.

Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò ara wọn. Ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún wà lára ibi tí ó ti ṣe ìwádìí. Lára ohun tí ó ṣàlàyé ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí àwọn òbí tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọn a mú èyí tí ó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, tàbí pé obìnrin ni wọ́n, ayàwòrán a ya ẹyọ ọmọ tí ó wà láàyè, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, tí yóò fi dà bí ẹni pé ọmọ méjì ni ó jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn a yà á; wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á; ayàwòrán a wá so méjèèjì pọ̀. A máa gbìyànjú pẹ̀lú láti fi ìlà tí ó wà níbi ìsopọ̀ pamọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fíìmù, omi kẹ́míkà àti ọgbọ́n ọwọ́ ni a fi ṣe é, nínú yàrá òkùnkùn. Photoshop kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1990 ni ó jáde sọ́jà.

Ǹjẹ́ irọ́ ni fọ́tò yìí? Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú lórí ère ìbejì, nítorí pé ipò ère náà ni fọ́tò wá gbà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ tí kò tíì rìn ni ó kú, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́: ó gbẹ́ ilà sí i lójú, ó di irun fún un, ó fi ọmú sí i láyà bí ó bá jẹ́ obìnrin. Kò sí ìyá kan tí yóò dá irú ère bẹ́ẹ̀ padà pé kò jọ ọmọ òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 2001, túmọ̀ ‘àwòrán’ sí ohun tí a ń wò láti fi rántí. Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí, a ó rí i pé ohun tí a béèrè lọ́wọ́ fọ́tò ìbejì kì í ṣe pé kí ó sọ iye ọmọ tí ó jókòó níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Ó ti wà nílẹ̀ pé méjì ni a bí. Òun ni fọ́tò náà ń rán ni létí. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, ayàwòrán mọ̀, aládùúgbò tí ó bá wọlé wá wò ó lára ògiri mọ̀ pẹ̀lú. Ìmọ̀ ti ṣíwájú fọ́tò. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò àgbà tí ó jókòó sórí àga, tí ó wọ aṣọ rẹ̀ tí ó dára jù lọ, tí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí ó sì kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Sprague fi irú ìjókòó yìí wé àwọn òṣùwọ̀n ẹwà tí Robert Farris Thompson gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá, tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1973. ‘Jíjọra’ wà lára wọn, èyí tí í ṣe pé kí ère jọ ènìyàn ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó má jọ ọ́ jù, kí ó má sì ṣàìjọ ọ́. Ayàwòrán ayé àtijọ́ tí ó ń fi pẹ́ńsù pa ìlà iwájú orí oníbàárà rẹ́ lára fíìmù ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òṣùwọ̀n kan náà. (Ó yà wá lẹ́nu pé irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń pariwo jù lọ lónìí pé kọ̀ǹpútà ń parọ́.)

Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbí, a ti gbè sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ju bí ó ti yẹ lọ. Iṣẹ́ mìíràn wà tí à ń fi fọ́tò ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, iná sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó. Àwọn olè ti dá páìpù epo lu ní òru, àwọn ará àdúgbò sì rọ́ lọ bu epo. Àwọn tí ó kú lé ní 200, iná sì jó ọ̀pọ̀ òkú kọjá ohun tí ojú lè dá mọ̀. Akíntúndé Akínlẹ́yẹ, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Reuters, ya ọkùnrin kan tí ó ń fi omi fọ dúdú èéfín kúrò lójú níbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Fọ́tò yìí gba ẹ̀bùn World Press Photo ní 2007.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò pé ayàwòrán náà fi dúdú díẹ̀ kún ojú ọkùnrin náà, tàbí pé ó mú èéfín láti inú fọ́tò mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ yà lọ́jọ́ kan náà, tí ó fi sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó fi kún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odidi ọmọ tí ayàwòrán Ìlá fi kún tirẹ̀. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé èéfín náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, gbogbo wa ni yóò sọ pé ó ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, a ó sì jàre. Ìdí ni pé ẹni tí ó wo fọ́tò náà ní ìlú òkèèrè kò mọ Abúlé Ẹ̀gbá rí. Kò sí ìmọ̀ kankan tí ó ṣíwájú fọ́tò. Inú fọ́tò ni ìmọ̀ náà ti ń bọ̀. Níbi tí iná ti jó òkú tí a kò fi mọ orúkọ wọn mọ́, ẹ̀rí tí ó ṣẹ́ kù kò pọ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan èyí tí ó wà ti fún ẹni tí ó fẹ́ jiyàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò máa wí.

Nítorí náà, àdéhùn tí ó wà láàrin ayàwòrán àti òǹwòran ni ó ń sọ fọ́tò di òtítọ́ tàbí irọ́. Ẹ̀rọ kọ́. Nígbà tí National Geographic sún àwọn pírámíìdì Íjíbítì mọ́ ara wọn lójú ìwé rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1982, kámẹ́rà onífíìmù ni a fi ya fọ́tò náà. Àdéhùn ẹ̀rí ni wọ́n dà. Nígbà tí World Press Photo, ní 2015, yọ ìdá kan nínú márùn-ún lára àwọn fọ́tò tí ó dé ìpele tí ó ṣíwájú àṣekágbá, nítorí pé a ti tún wọn ṣe kọjá ààlà, ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ ni pé wọ́n béèrè fáìlì tí kámẹ́rà kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà kan náà tí a ń bú ni ó fi ẹ̀rí lé wọn lọ́wọ́.

Ti àwọn tí ń ráhùn pé ẹni gbogbo ti di ayàwòrán, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni, ó sì yẹ kí a bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò kan òtítọ́ àwòrán.

Kí wá ni ó jẹ́ tuntun? Ní èrò tiwa, ohun méjì ni, a kò sì rí èyí tí àwọn olùfẹ̀sùnkàn mẹ́nu bà nínú wọn. Èkíní ni pé ayàwòrán Ìlá tí ó so fọ́tò méjì pọ̀ mọ̀ pé òun so ó. Tẹlifóònù òde òní máa ń ya fọ́tò bíi mélòó kan ní ìṣẹ́jú akàn, a so wọ́n pọ̀, a mú ibi tí ó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀, a sì gbé ẹyọ kan fún ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹni náà rò pé ohun tí òun rí ni òun yà. Àdéhùn kò lè dúró nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é kò mọ ohun tí òun fọwọ́ sí. Èkejì ni pé àwòrán kò dúró mọ́ lára ògiri ilé tí a ti mọ ìtàn rẹ̀. Iná páìpù tún sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, òmíràn ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Àdó. Orúkọ jọ orúkọ, èéfín jọ èéfín. Ẹni tí ó bá mú fọ́tò ti 2006, tí ó kọ 2020 sábẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àwòrán náà, ó sì ti parọ́ tán.

Ẹnìkan lè bi wá pé: fọ́tò ìbejì náà ńkọ́, tí ó bá kúrò nílé àwọn òbí, tí ó dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, tí àlejò sì ka ọmọ méjì nínú rẹ̀? Ìbéèrè náà lágbára. A gbà pé nígbà náà fọ́tò ìrántí ti bọ́ sí ipò ẹ̀rí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí i padà, yóò sì ṣi àlejò náà lọ́nà, àfi bí ẹni tí ó gbé e wá bá kọ ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn. Ojúṣe ẹni tí ó ń gbé àwòrán láti ibì kan sí ibòmíràn nìyí, kì í ṣe ti ẹni tí ó yà á nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà nínú yàrá yìí. À ń lọ sóko ìwádìí, à ń fi tẹlifóònù ya eégún, ọdún ìbílẹ̀ àti àwọn apohùn, à ń lẹ àwọn fọ́tò náà mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún oyè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kò sí olùyẹ̀wò tí ó ti béèrè rí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ bébà yìí pé níbo ni fáìlì àkọ́kọ́ wà, tàbí pé èwo ni mo gé létí tí mo sì mú mọ́lẹ̀. Mo ti gé òmíràn létí, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àbá wa ni pé kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ máa gba fáìlì àkọ́kọ́ fún ìfipamọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa kọ ọjọ́, ibi, irú kámẹ́rà, àti gbogbo ohun tí a ṣe sí àwòrán náà sábẹ́ rẹ̀.