Àfòmọ́ ìparí -able nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: iṣẹ́ Marchand àti ti Aronoff níwájú olùtúmọ̀

Ìwé méjì kan wà tí ẹni tí ó bá ń wádìí ìhun ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè fò dá: èyí tí Hans Marchand tẹ̀ jáde ní 1960, tí ó sì tún ṣe ní 1969, àti èyí tí Mark Aronoff tẹ̀ jáde ní 1976. Àwọn méjèèjì jíròrò lórí àfòmọ́ ìparí -able, tí ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Àfòmọ́ yìí kò ṣàjèjì sí òǹkàwé Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí ó kàwé ní èdè Faransé, nítorí pé láti inú èdè Faransé ni ó ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066. Ara ọ̀rọ̀ àyálò ni ó kọ́kọ́ bá wọlé. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ìbílẹ̀: drink, mu, di drinkable. Read, kà, di readable.

Àká tí ó kún ni ìwé Marchand. Ó to àwọn àfòmọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìtàn wọn àti àpẹẹrẹ púpọ̀. Àbá rẹ̀ tí ó lágbára jù ni pé àfòmọ́ ni olórí nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ sì ń yán an. Ṣùgbọ́n àká a máa kún débi tí a kò fi ní rí ilẹ̀ rẹ̀. Readable ni ohun tí ènìyàn lè kà. Perishable kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń bà jẹ́, ohun tí ó ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Bí àpẹẹrẹ ti ń tẹ̀ lé àpẹẹrẹ, òǹkàwé lè rò pé àpò ìtumọ̀ kan ni -able, tí a kàn ń tú sórí ọ̀rọ̀-ìṣe.

Aronoff béèrè ìbéèrè mìíràn: inú ọ̀rọ̀ wo ni ọ̀rọ̀ tuntun ti jáde? Lójú tirẹ̀, ara odindi ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú èdè ni a ti ń ṣẹ̀dá òmíràn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó dùn jù ni comparable. Bí a bá tẹ ohùn mọ́ sílébù kejì, bí ti ọ̀rọ̀-ìṣe compare fúnra rẹ̀, ó túmọ̀ sí ohun tí a lè fi wé òmíràn. Bí a bá tẹ ohùn mọ́ ti àkọ́kọ́, ó di ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òmíràn dọ́gba. Bí ìró ti ń jìnnà sí ti ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ ń jìnnà. Ẹni tí kì í fi igbá pe igba, tí kì í sì í fi igba pe ìgbà, kò ní ṣe iyèméjì lórí èyí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò bá ìlànà yìí lọ wọ́ọ́rọ́: potable. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú Faransé, tí í ṣe ìyá rẹ̀. Inú èdè Látìn ni ìyá náà wà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó sì ń wá bá olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nínú ìwé ìlera tí a kọ ní èdè Faransé: eau potable.

Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí. Bí a bá kọ “omi mímu” fún eau potable, àpètúnpè náà sọ ohun tí a ń fi omi ṣe, kò sọ bí omi náà ti rí: kànga tí gbogbo abúlé ń pọn, omi mímu ni omi rẹ̀, ìbáà máa dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀. “Omi tí ó ṣeé mu” sàn jù, nítorí ṣeé ni ó sún mọ́ -able jù lọ. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun náà ti ṣeé mu. Drinkable gba irú ìtumọ̀ yẹn. Potable kò gbà á. “Omi tí kò lè kó àìsàn ran ẹni tí ó bá mu ún” gùn, òun ni ó sì tọ́ nínú ìwé ìlera. Bákan náà ni eatable àti edible: ti àkọ́kọ́, ọbẹ̀ tí kò dùn púpọ̀ ṣùgbọ́n tí a lè rọ́jú jẹ, ti èkejì, olú tí kì í pa ènìyàn.