Ìlú Wo Ni Ẹranko Yìí Ti Wá? Ohùn, Ìbòjú àti Ẹbí Ẹranko Nínú "Calvin and the Colonel"

Àgbàlá ìyá àgbà mi ní Kpoulou, ní àgbègbè Adja-Ouèrè, ni mo ti kọ́kọ́ mọ ẹbí ẹranko. Ìjàpá ni baálé, Yánníbo ni ìyàwó rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí wàhálà. Nígbà tí mo wá wo "Calvin and the Colonel", kátúùnù ilẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, ó kọ́kọ́ ṣe mí bí ẹni pé mo padà sílé. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ìdí tí ilé náà kì í fi í ṣe tiwa, àti ohun tó yẹ kí àwa tí a fẹ́ sọ àlọ́ di kátúùnù rí kọ́ níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ABC ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1961. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Wọ́n dá a padà ní oṣù kìíní ọdún 1962, ó sì parí ní ọdún náà. Apá 26 péré ni gbogbo rẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Colonel Klaxon ni olórí ẹ̀dá ìtàn. Òun, Maggie Belle ìyàwó rẹ̀, àti Sue tó jẹ́ arábìnrin ìyàwó ni wọ́n jọ ń gbé. Calvin, béárì tó gọ̀ díẹ̀ àmọ́ tí inú rẹ̀ mọ́, ni ọ̀rẹ́ tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń lù ní jìbìtì. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣí wá sí ìlú ńlá kan ní àríwá.

Ẹ má jẹ́ kí a fi ẹ̀tọ́ eré náà dù ú. Ìjà inú ilé rẹ̀ dùn ún wò. Ọgbọ́n àrékérekè tí baálé ń dá, orí ara rẹ̀ ló ń padà sí, gẹ́gẹ́ bíi ti Ìjàpá tó jí oúnjẹ gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì fi pá. Ẹni tó bá wo àwòrán nìkan yóò ní àlọ́ ni.

Inú ohùn ni ọ̀ràn wà. Freeman Gosden àti Charles Correll, aláwọ̀ funfun méjèèjì, ni wọ́n dá eré náà sílẹ̀, àwọn ló sì ń sọ̀rọ̀ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti béárì. Láti ọdún 1928 ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe "Amos 'n' Andy" lórí rédíò, tí wọ́n ń sín àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ. Nígbà tí eré yẹn dé orí tẹlifíṣàn ní 1951, pẹ̀lú àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú, ẹgbẹ́ NAACP fi ẹ̀hónú hàn gidigidi. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Gosden àti Correll mú irú ohùn yẹn padà, wọ́n fi awọ ẹranko bò ó. Ta ni yóò bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣẹjọ́?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹranko náà jẹ́ ìbátan wa. Nínú ìwé Uncle Remus tí Joel Chandler Harris tẹ̀ jáde ní ọdún 1880, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti béárì wà níbẹ̀, àti ère ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ ehoro lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ère alátè tó mú Ìjàpá? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló gbé irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀hún.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé Ìjàpá kì í yí ohùn padà ni? Ó ń yí i. Apàlọ́ a máa ránmú fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí wọ́n ti ń ránmú báyẹn. Ohùn Ìjàpá kì í ṣe ohùn aládùúgbò ẹnikẹ́ni, nítorí náà, ìwà ara wa là ń rí nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, inú agbo ni àlọ́ ti ń wáyé: ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn lè já apàlọ́ lẹ́nu. Àwọn tí Gosden àti Correll ń sín jẹ kò sí nídìí ẹ̀rọ láti dáhùn.

Èmi náà ti jẹ̀bi ẹ̀sùn yìí. Ní kíláàsì mi, a ń gba ohùn sílẹ̀ fún kátúùnù Ìjàpá kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe Ẹlẹ́dẹ̀, òpè inú ìtàn, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èdè Ọ̀họ̀rí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Holli. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jẹ́ Nàgó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ abúlé Ọ̀họ̀rí tí kò jìnnà sí Kpoulou, nawọ́ sókè, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni ẹlẹ́dẹ̀ yìí ti wá?"

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, a tún ohùn náà gbà. Ẹlẹ́dẹ̀ ń ránmú báyìí, ó sì ṣì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Kí fíìmù náà tó jáde, a ó gbé e lọ sí Kpoulou àti sí abúlé akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí àwọn àgbà jókòó gbọ́ ọ, kí wọ́n já wa lẹ́nu níbi tó bá yẹ.