Níbo Ni O Ti Kàwé Jáde?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa sọ nígbà tí a bá jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́. A ó ní ilé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti jáde kò já mọ́ nǹkan kan, pé ọpọlọ ẹni ni ó ń gbé ni dé ibi gíga. Mo ti sọ ọ́ rí, mo sì ti pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó kọjá, àbúrò mi kan pè mí láti Ìgbò-Ọrà. Wọ́n ti gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí ó wà ní Erúwà. Yunifásítì tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ kò pè é. Bàbá rẹ̀ ní kí ó máa lọ sí Erúwà, ìyá rẹ̀ ní kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn yóò máa wo ibi tí mo ti kàwé jáde?" Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ lábẹ́ igi kò wá sí mi lẹ́nu mọ́. Ọmọ tí yóò fi odidi ọdún kan tẹ̀lé ìdáhùn mi kì í ṣe ẹni tí mo lè fi àríyànjiyàn dá lára yá. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò tinú tẹ̀yìn.

Iṣẹ́ ìjọba ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba jùlọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbejì ṣe àpẹẹrẹ. Àwa ará Ìgbò-Ọrà, ìbejì kì í wọ́n wa, gbogbo ayé ni ó sì fi í mọ̀ wá. Ká ní Táyé lọ sí yunifásítì, tí Kẹ́hìndé sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ọbẹ̀ ìlasa kan náà ni wọ́n jẹ dàgbà, olùkọ́ kan náà ni ó nà wọ́n ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Táyé gba oyè B.Sc., Kẹ́hìndé gba H.N.D. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ àgùnbánirọ̀, wọ́n sì sin ilẹ̀ baba wọn fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ipele kẹjọ ni wọ́n fi Táyé sí, ipele keje ni wọ́n fi Kẹ́hìndé sí. Kò sì tán síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ipele kẹrìnlá ni òpin ìrìn Kẹ́hìndé. Bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó, níbẹ̀ ni yóò dúró sí tí yóò máa wo Táyé bí ó ti ń gòkè lọ. Ní ọdún 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gba àbá òfin kan wọlé láti pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́. Ohun tí kò bá sí, ta ni yóò jókòó ṣe òfin láti pa á rẹ́? Ẹni tí ó bá lọ sọ fún Kẹ́hìndé pé ilé ẹ̀kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ̀sín ni ó ń fi í ṣe.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé irú ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń sọ, n kò tíì sọ ti orúkọ rẹ̀. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti orúkọ. Nígbà tí wọ́n dá Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni, kò sì dá dúró títí di 1962. Ìbàdàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ń gbé, ẹ̀fọn Ìbàdàn ni ó ń jẹ wọ́n, orúkọ Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà lára oyè tí wọ́n gbé lọ wá iṣẹ́. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ṣe fún Ìbàdàn, Ìbàdàn náà wá ṣe é fún Ìbàràpá. Láti 1963 ni àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìbàdàn ti ń wá gbé ní Ìgbò-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń tọ́jú ará oko nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí sọ̀bìà ń dá àwọn ará Ìdèrè lóró, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn olùwádìí Ìbàdàn wá láti mọ bí a ó ti lé e lọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni wọ́n kọ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìwé ẹ̀rí wọn wò títí, ẹ kò ní rí Ìgbò-Ọrà níbẹ̀.

Èyí tí ó yé mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Erúwà fúnra rẹ̀. Kí ó tó di 2014, ẹ̀ka kan ni ilé ẹ̀kọ́ Erúwà jẹ́ lára ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti Ìbàdàn. Ní ọdún náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró; Ìbàràpá ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, kí wọ́n tó wá fi sọ Olóògbé Adéṣeun Ògúndóyin, ọmọ Erúwà tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ro èyí wò. Ẹni tí ó jáde níbẹ̀ kí ìyípadà náà tó dé, orúkọ Ìbàdàn ni ó gbé lọ sí Èkó láti wá iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, tí ó jókòó nínú yàrá ẹ̀kọ́ kan náà, tí ó gun ọkọ̀ kan náà láti Láńlátẹ̀ láràárọ̀, orúkọ tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Èkó kò gbọ́ rí ni ó gbé lọ. Kí ni ó yí padà nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́? Bí a bá rí ọ̀gá kan tí ó gba ẹ̀gbọ́n tí ó kọ àbúrò, a mọ̀ pé kì í ṣe ìmọ̀ ni ó ń wọ̀n. Síbẹ̀ n kò lè sọ pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò sí.

Ẹgbẹ́ èdè ni ẹgbẹ́ wa, kò sì yẹ kí a parí ọ̀rọ̀ yìí láìdé ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé. Kì í pẹ́ tí àwọn tí ó ń fojú tín-ín-rín ilé ẹ̀kọ́ yóò fi dárúkọ Amos Tutùọlá. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ni ó fi lọ sí ilé ìwé. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó sì jẹ́ ní Èkó nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mùtí ẹlẹ́mu jáde ní 1952. Ní 1953, Raymond Queneau ti yí i sí èdè Faransé. Níbẹ̀ ni a máa ń bá ìtàn náà dé, tí a ó sì pàtẹ́wọ́. N kò rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a dúró sí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ni ó bínú sí ìwé náà nígbà náà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, pé ó ń dójú tì wá lójú àwọn òyìnbó. Lójú tèmi, ìdájọ́ wọn kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àpàlọ́ rí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà: bí ó ti ń tún ọ̀rọ̀ sọ kí ó lè wọni létí, bí ó ti ń ka iye owó àti iye ibùsọ̀ bí ẹni tí ń jẹ́jọ́. Ilé ìwé tí ọkùnrin náà kò lọ ni wọ́n kà. Wọn kò ka ìwé tí ó kọ. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti iṣẹ́ oṣù rẹ̀. Ní 1956, lẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù àti Párís, iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù ni ó bọ́ sí ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ọdún 1979 ni Yunifásítì Ifẹ̀ tó pè é wá gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé àlejò, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Àìlọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò dí i lọ́wọ́ láti kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó dí i lọ́wọ́ láti jẹ èrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ẹ wá fi Fágúnwà wé e. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní 1896, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ilé ìtẹ̀wé C.M.S. kan náà ni ó tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. N kò sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò nílò ojúsàájú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó jáde ní St. Andrew's kò jáde ní òun nìkan. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ di olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ irú wọn ni ìwé sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Ènìyàn ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń ta ni lọ́rẹ, ẹ̀bùn yìí kì í sì í hàn lára ìwé ẹ̀rí.

Mo fẹ́ padà sí Ìbàràpá, sí ọ̀dọ̀ Olóògbé Dókítà Olúyọ̀mbọ́ Awójọbí. Ìbàdàn ni ó ti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó gboyè ní 1975, ó sì di oníṣẹ́ abẹ. Irú ìwé ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Amẹ́ríkà àti sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Erúwà ni òun gbé tirẹ̀ lọ ní 1983, sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ní 1986 ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì kúrò títí ó fi kú ní 2015. Ohun tí kò sí owó láti rà, ó jókòó rò ó, ó sì ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó sọ di ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀, kí ó lè mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti tó. Láìsí Ìbàdàn, kò sí òfin tí yóò jẹ́ kí ó fi abẹ kan ara ẹnikẹ́ni. Gbèsè tí a jẹ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, n kò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó wọ ọkọ̀ wá láti Ayétẹ̀ tàbí Tápà kò béèrè ibi tí dókítà ti kàwé jáde. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́sẹ̀ tí ó kọjá ti dìde.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Stacy Dale àti Alan Krueger, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2002 tí ó yí èrò mi padà. Àwọn tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1976 ni wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn kan wà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olókìkí gbà, ṣùgbọ́n tí wọ́n yàn láti lọ sí ibi tí òkìkí rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn wọ̀nyí wé àwọn tí ó lọ sí ti olókìkí, owó tí apá méjèèjì ń gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí a bá dúró níbẹ̀, àwa tí a ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ni a jàre. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tálákà yàtọ̀: ní tiwọn, ilé ẹ̀kọ́ olókìkí mú kí owó wọn pọ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ Ìbàràpá. Ọmọ ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn lè kàwé níbi tí ó bá wù ú. Kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó dé orí tábìlì, orúkọ bàbá rẹ̀ ti débẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní Ìgàngàn kò ní ẹnìkan ní Èkó tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni alágbàsọ kan ṣoṣo tí ó ní. Nígbà náà, ẹnu ta ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan ti máa jáde? N kò sọ pé irọ́ ni àwọn tí ń sọ ọ́ ń pa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé tiwọn ni wọ́n ń sọ. Èmi náà jẹ̀bi. Yunifásítì ti gbà mí tán kí n tó mọ̀ ọ́n sọ.

Mo pe àbúrò mi padà. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò ṣìnà, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbi púpọ̀. Mo tún sọ fún un pé ọdún kan tí yóò fi jókòó nílé kò ní ìdánilójú nínú. Kí ó lọ sí Erúwà. Bí ó bá fi ọdún méjì gba N.D. tí èsì rẹ̀ sì dára, ó lè gba ọ̀nà tààrà wọ ọdún kejì ní yunifásítì, bí ó bá ṣì ń fẹ́ ẹ. Mo ní kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un. Ó ní òun yóò bá ìyá òun sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n fún un láti gba àyè náà. Títí di òru tí mo ń kọ ìwé yìí, ìyá náà kò tíì fèsì.