Rírẹ Ọkọ̀ Sílẹ̀ Níwájú Ilé

Tí mo bá rí ọkọ̀ tó dúró lẹ́bàá títì, kì í ṣe ọ̀dà ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Àlàfo tó wà láàárín orí táyà àti etí irin tó bò ó ni ojú mi ń lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, àlàfo yẹn máa ń fẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe ọkọ̀ kò mọ ẹni tó máa rà á. Ó lè jẹ́ arúgbó tó ń rọra wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lè jẹ́ ìyá ọlọ́jà tó ń kó àpò ìrẹsì kún búùtù. Sípíríǹgì tí wọ́n fi sí i gbọ́dọ̀ gba gbogbo wọn mọ́ra. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọkọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí èyí tó wù mí tó kí n yọ sípíríǹgì yẹn kúrò, kí n fi èyí tó kúrú díẹ̀, tó sì le díẹ̀, rọ́pò rẹ̀, kí ọkọ̀ náà wá dúró bó ṣe yẹ ẹni tó ń wà á. Iwájú ilé mi ní Dagenham ni mo ti ń ṣe é, lórí kọnkéré.

Dagenham yẹ iṣẹ́ náà. Àwọn ilé Becontree tí Ìgbìmọ̀ Ìjọba London kọ́ láàárín 1921 sí 1935 ló pọ̀ jù ládùúgbò wa. Ọgbà ló wà níwájú wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé ti da kọnkéré bò ó kí ọkọ̀ lè ráyè dúró. Ọ̀nà kò jìn láti ibẹ̀ dé ilé iṣẹ́ Ford, níbi tí wọ́n ti ṣe Consul àti Zephyr tí wọ́n gbé jáde ní 1950. Ọkọ̀ méjèèjì yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n Earle MacPherson sí níwájú. Ará Amẹ́ríkà ni MacPherson. General Motors ló ti ń ṣiṣẹ́, lórí ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n pè ní Chevrolet Cadet. Nígbà tí wọ́n pa iṣẹ́ Cadet tì ní 1947, ó gba ọ̀dọ̀ Ford lọ. Ohun tó ṣe kò lọ́jú pọ̀ rárá: ó so sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù di ọ̀kan. Sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kù ká, orí rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí rẹ̀ di irin tó gbé táyà mú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí a ń wà lónìí, ní Èkó ni o, ní London ni o, ọgbọ́n yìí ló gbé iwájú wọn ró. Ẹni tó bá ti tú ọ̀kan, tó sì tò ó padà, kò ní ṣàjèjì sí ìyókù.

Tí ọ̀dọ́ kan bá ní kí n kọ́ òun, ohun kan ni mo máa ń tẹnu mọ́: kí o mọ ibi tí ìwúwo wà. Nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, orí sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìwúwo rẹ̀ wà. Tí o bá fi jáàkì gbé e, ó ti kúrò níbẹ̀, jáàkì ló rù ú. Tí o bá fún sípíríǹgì pọ̀ kí o lè tú u, agbára tó wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Irin tó o fi fún un ló ń dì í mú. Gbogbo jàǹbá tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ibi tẹ́nì kan ti gbàgbé ìyẹn ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sípíríǹgì fúnra rẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn èèyàn fojú kéré rẹ̀. Ní 1678 ni Robert Hooke, ará England, tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí a bá ṣe tẹ sípíríǹgì tó ni yóò ṣe fi agbára tì wá padà tó. Tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì, á tì ọ́ ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ohun tó ń sọ bí sípíríǹgì yóò ṣe le sí. Ṣàṣà ni ẹni tí kì í yanu tí mo bá sọ ọ́ fún un: bí irin tí wọ́n fi ká a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, líle rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdajì lé sí i. Bí iye ìká tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bá sì dín, á tún le sí i. Nítorí náà, sípíríǹgì tó kúrú kì í ṣe sípíríǹgì gígùn tí wọ́n gé nídìí. Wọ́n ti ṣírò irin rẹ̀, ìká rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀. Ti Eibach ni mo sábà ń lò, ilé iṣẹ́ Jámánì kan ní Finnentrop tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, èyí tó ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 30. N kì í lọ jù bẹ́ẹ̀. Ojú títì London kún fún òkìtì tí wọ́n mọ kí awakọ̀ má sáré, àti kòtò tẹ́nikẹ́ni kò mọ.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ ìgérin gé sípíríǹgì tó bá ọkọ̀ wá, wọ́n á ní ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà! Iná tó ń jáde lára ìgérin ń ba líle irin náà jẹ́ níbi tó ti kàn án. Ìdí tí wọ́n gé kò ní jókòó dáadáa mọ́. Tí táyà bá sì rọ̀ sínú kòtò, sípíríǹgì náà lè yọ kúrò lórí ijókòó rẹ̀ pátápátá. Mi ò ní wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní gbà kí ọmọ mi wọ̀ ọ́.

Nílé wa lọ́hùn-ún, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe. Nítorí bí ọ̀nà ṣe rí, mẹkáníìkì á ki rọ́bà sáàárín ìká sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má máa ha ilẹ̀. Mo lóye ìdí rẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ìká tí rọ́bà bá ti dí ẹnu rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, iye ìká ti dín, sípíríǹgì ti le. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ onírọ́bà fi máa ń gbo èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká fi Golf Mark 5 ṣàpẹẹrẹ, nítorí òun ló ń wá sọ́dọ̀ mi jù. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ń fọ́n epo sí gbogbo nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù máa ń jẹ irin, nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún kò sì ní gbọ́ tìpátìkúùkù. Ṣáájú ohunkóhun, mo á wọn ọkọ̀ náà nígbà tó ṣì wà nílẹ̀: láti àárín táyà sókè dé etí irin tó bò ó, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo á sì kọ ọ́ sórí téèpù, mo á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀. Ìwọ̀n yẹn ṣì máa wúlò. Lẹ́yìn náà ni mo á dẹ bóòtù táyà díẹ̀, mo á fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo á gbé e lé sítáńdì méjì. Jáàkì fún gbígbé ni, kì í ṣe fún dídúró lé. Táyà tí mo bá yọ, abẹ́ ọkọ̀ ni mo ń tẹ́ ẹ sí. Mo á wá fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ náà gidi. Bó bá máa ṣubú, kó ṣubú kí n tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ìdí ṣọ́ọ̀kù Golf yìí wọ inú ihò kan lára irin tó gbé táyà. Ihò náà lanu lẹ́yìn, bóòtù kan ló sì fún ẹnu rẹ̀ pa. Tí o bá yọ bóòtù náà, ṣọ́ọ̀kù kò tún ní mira. Ibẹ̀ ni aláìmọ̀kan ti máa ń mú òòlù, tí á máa lu irin tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà fún un: wàá kì í bọ ẹnu tó là yẹn, wàá fi sípánà yí i díẹ̀, ẹnu ihò á sì ṣí. Wàá gbọ́ kẹ́rẹ́ kan báyìí nígbà tí ìdógùn-ún bá jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá rọra ti irin táyà sísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀kù á yọ. Ṣùgbọ́n kó o ti kọ́kọ́ tú hóòsì bíréèkì àti wáyà ABS kúrò níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́, nítorí tí irin táyà bá rọ̀, orí wọn ni ìwúwo rẹ̀ máa lọ.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀kù bá ti wà nílẹ̀ tán ni mo máa ń ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Tí sípíríǹgì kan bá ń gba ìwúwo kílò 25 fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, tí a sì fún un pọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kílò 375 ló ń wá ọ̀nà jáde níbẹ̀. Ìkọ́ irin méjì la fi ń fún un, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ìkejì lósì, kí wọ́n kọjú síra. Mo á yí ti ọ̀tún díẹ̀, mo á yí ti òsì díẹ̀, kí ọ̀kan má ṣáájú èkejì. N kì í fi ẹ̀rọ oníná yí i. Ọwọ́ ni, nítorí ọwọ́ á sọ fún ọ tí nǹkan bá ń yẹ̀.

Àbúrò mi kan tó ń bá mi ṣe é nígbà kan ti di sípánà mọ́ nọ́ọ̀tì àárín tó wà lókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ó mà ti rọ̀ o. Ṣé kí n kúkú tú u?”

“Fi sílẹ̀. Di sípíríǹgì yẹn mú, kó o mì í wò. Ṣé ó ń yí lórí ijókòó rẹ̀?”

“Kò yí o.”

“Tí kò bá tíì yí, nọ́ọ̀tì yẹn ló ṣì ń di ìwúwo náà mú. Fún un sí i.”

Ó fún un sí i títí sípíríǹgì fi ń yí lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kó tó tú nọ́ọ̀tì náà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀tì lásán.

Sípíríǹgì tuntun kì í fẹ́ ìfúnpọ̀ púpọ̀, ó ti kúrú. Ohun tó fẹ́ ni ojú. Ijókòó ìsàlẹ̀ ní àtẹ̀gùn kékeré kan, ìdí sípíríǹgì sì gbọ́dọ̀ kan àtẹ̀gùn náà. Bí kò bá kàn án, á fò wọlé lọ́jọ́ kan nígbà tí o bá ń yà níbi kọ́nà, ìró rẹ̀ á sì já ọ láyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ríǹgì orí ṣọ́ọ̀kù: tó bá ń kùn nígbà tí o bá fi ọwọ́ yí i, pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, iṣẹ́ tó máa tún gbé ọ dé ibẹ̀ ló pọ̀. Bí ṣọ́ọ̀kù bá ti ń jo epo, má fi sípíríǹgì tuntun lé e lórí. Sípíríǹgì tó le máa yára pa ṣọ́ọ̀kù tó ti rẹ̀.

Ẹ̀yìn rọrùn, torí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù kò sí pa pọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí mo ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́ ni ìgbà tó bá ń fún bóòtù padà. Orí àwọn apá irin tó di táyà mú ní rọ́bà nínú, bóòtù ló sì ń de àárín rọ́bà náà mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fún bóòtù wọ̀nyí le nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro lófuurufú. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá sílẹ̀, apá irin á gòkè, ṣùgbọ́n àárín rọ́bà ti dúró síbi tí wọ́n dè é mọ́, rọ́bà á lọ́. Ó dà bí ìró tí èèyàn jókòó ró: ìgbà tó bá dìde ni yóò mọ̀ pé aṣọ ń fa òun. Ọkọ̀ náà kò ní kalẹ̀ tó bó ṣe yẹ, oníṣẹ́ á ní sípíríǹgì ni kò dára, rọ́bà á sì ya láìpẹ́ ọjọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n tí mo kọ sórí téèpù ni mo ń padà sí. Mo á yọ mìlímítà 30 kúrò nínú rẹ̀, mo á fi jáàkì gbé irin táyà títí yóò fi dé ìwọ̀n yẹn gan-an, ibẹ̀ ni mo á ti fún bóòtù, pẹ̀lú sípánà tó ń ta kẹ́ẹ́ nígbà tí bóòtù bá ti fún tó. Iṣẹ́ náà ń lọ́ra. Ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i tí ọkọ̀ bá ti wà nílẹ̀. Síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù, torí lọ́jọ́ náà, rọ́bà yẹn kò ní ìnira kankan lára.

Ó ku aláyínmẹ́ǹtì, tí n kì í ṣe fúnra mi. Bí ọkọ̀ bá ti wá sílẹ̀, orí táyà iwájú sábà máa ń tẹ̀ sínú díẹ̀, ibi tí wọ́n kọjú sí náà á yí padà. Tí a kò bá tún un ṣe, etí inú táyà á jẹ tán kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà rìn fúngbà díẹ̀, kí sípíríǹgì jókòó, mo á tún gbogbo bóòtù yẹ̀ wò, ká tó gbé e lọ. Iná iwájú náà ń fẹ́ títọ́ sọ́nà, torí ibi tó ń tàn sí ti yí. Mo sì máa ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé kó pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sọ fún wọn pé sípíríǹgì ọkọ̀ òun ti yí padà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé owó wọn á lọ sókè. Ó lè lọ sókè díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Britain níbí, tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n sì rí ohun tí o kò sọ, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀ fún ọ.