Ìwà Ẹni àti Wíwá Ìmọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, bí ẹni tí a bi bá mọ ọ̀nà, tí ó sì lè bi abèèrè padà pé, “Níbo gan-an ni ẹ ń lọ?” Íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà bi ènìyàn padà, bí ìwà abèèrè bá ti rí ni èsì rẹ̀ ṣe máa ń rí.

Ní ọdún 2002, Jannica Heinström, ti Yunifásítì Åbo Akademi ní orílẹ̀-èdè Finland, tẹ ìwé jáde lórí ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti bí wọ́n ṣe ń wá ìmọ̀. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí ń sáré gba ojú omi kọjá, àwọn tí ń wo ọ̀tún wo òsì, àti àwọn tí ń rì wọ inú ibú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tí kì í sì í fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, ni ó sábà wà lára ti àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó dá wò. Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ó lè jẹ́ bàbá àgbẹ̀ ni ó ni ìbéèrè, kí ó jẹ́ ọmọ ni ó ń tẹ fóònù. Ìwà méjì ni ó pàdé níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni àrùn tí í mú ewé ẹ̀gẹ́ ní àbàwọ́n ìyeyè, tí í sì í mú un ká kò. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á; eṣinṣin funfun wẹẹrẹ àti igi ẹ̀gẹ́ tí ó ti kó àrùn ni ó ń tàn án kálẹ̀. Kò sí oògùn tí a lè fọ́n sí i tí yóò wò ó sàn. Ọmọ oníwàǹwára tí ó tẹ “oògùn ewé ẹ̀gẹ́” lè bá ìpolówó pàdé: owó bàbá yóò lọ, àrùn yóò kù. Onísùúrù yóò kà á dé ibi tí a ti ní kí a fa èyí tí ó ṣàìsàn tu, kí a sì gbin igi tí ó mọ́, láti inú irú tí ó lè kojú àrùn náà, irú èyí tí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí tipẹ́.

Síbẹ̀, sùúrù nìkan kò tó. Ọmọ tí ojú ń tì láti bi bàbá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni àbàwọ́n náà ti rí?” yóò fi sùúrù wá ohun tí bàbá kò béèrè. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó pe àgbẹ̀ ní aláìmọ̀kan, kí ó kọ́ ọmọ àgbẹ̀ bí a ti í fi ọ̀wọ̀ bi àgbà padà. Ohun tí ẹ̀rọ kò béèrè, ọmọ ni yóò béèrè rẹ̀.